Omi Ti Lọ, Ẹ̀gbin Ṣì Wà Nílé: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lẹ́yìn Tí Àgbàrá Tàbí Omi Ìgbọ̀nsẹ̀ Bá Ya Wọlé

Bí àgbàrá bá ti fà kúrò nínú ilé báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n tan fáànù, kí wọ́n sì wá nǹkan olóòórùn dídùn fọ́n sínú yàrá. Lójú tiwọn, omi ni ọ̀tá, omi sì ti lọ. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ títún ilé tí omi ẹlẹ́gbin ya wọ̀ ṣe jẹun, kì í ṣe omi ni mo máa ń wá bí mo bá wọlé. Ohun tí omi gbé wá tí kò gbé lọ ni mo máa ń wá.

Mo rántí ilé kan tí wọ́n pè wá sí. Páìpù tó ń gbé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde ló dí, ni ohun tó yẹ kó máa lọ bá padà wọlé, ó sì ga dé kókósẹ̀. Àwọn onílé ò ya ọ̀lẹ o. Wọ́n gbá omi dànù, wọ́n da bílíìṣì, wọ́n tan fáànù fún ọjọ́ 4, wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n sì kun ògiri ní ọ̀dà tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ké sí wa pé àfàìmọ̀ kí èkúté má ti kú sínú àjà. A ò gun àjà. A lóṣòó, a yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Ẹrẹ̀ dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀ láti igun dé igun, ó nípọn bí ìka, ó ṣì tutù, bébà ìnùdí sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èbu aláwọ̀ ewé ti ń gun ògiri lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, díẹ̀ ni kò wúlò. Èyí tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n gbé ṣíwájú. Kíkó ẹ̀gbin ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà fífọ̀, lẹ́yìn náà oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, lẹ́yìn náà gbígbẹ, kí a tó wá sọ̀rọ̀ ọ̀dà àti kápẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ, ìdàrúdàpọ̀ ètò yìí náà ni.

“Ṣebí omi lásán ni”

Omi kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń tẹ̀ lé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní S500, tí IICRC, àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún iṣẹ́ ìmọ́tótó àti àtúnṣe ilé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde, ó sì pín omi tó bá ba ilé jẹ́ sí ọ̀nà 3. Ìkíní ni omi tó mọ́, irú èyí tó ń jò láti páìpù ẹ̀rọ. Ìkejì ni omi tí a ti lò, bíi èyí tó dà jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìkẹta, tí wọ́n ń pè ní omi dúdú, ni omi ìgbọ̀nsẹ̀ àti àgbàrá tó wá láti ìta. Orúkọ yẹn kò ní kí ó dúdú lójú o. Mo ti rí àgbàrá tó mọ́ gaara lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, onílé sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú rẹ̀. Ó ti gba orí ihò ìgbẹ́ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gba inú ìgbẹ́ ẹran, ó ti gba ibi tí epo ọkọ̀ àti oògùn apakòkòrò wà.

Omi ìkíní pàápàá kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ ò ní lè pè é ní omi tó mọ́ mọ́.

Ohun tó wà nínú omi dúdú kò ṣeé fojú rí: àrùn onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìtọ̀ eku ń gbé àrùn kan tí wọ́n ń pè ní leptospirosis, ojú egbò kékeré ló sì sábà máa ń gbà wọ ara. Ẹyin aràn inú ìgbẹ́ le débi pé ó lè wà láàyè nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, bàtà róbà tó ga, ìbọ̀wọ́ róbà tó nípọn, ìbòjú tó ń dáàbò bo ẹyinjú, àti ìbòmú irú N95 tó ń dí eruku kì í ṣe àṣejù. Bí ẹ bá ní egbò lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé.

Ìkánjú wọlé

Ẹ má fi ẹsẹ̀ kan omi tó wà nínú ilé tí iná mànàmáná ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má sì dúró nínú omi kí ẹ máa nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé. Bí ibẹ̀ bá wà nínú omi, oníṣẹ́ iná ló ni ín. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi ti mu, pípààrọ̀ ló kù.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi fa omi nílò iná, ni ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn kí wáyà lè tó o. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, ti pa àwọn tí àgbàrá ò pa. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán mítà 6 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé.

Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ fetí sí jù lọ ni ihò ìgbẹ́. Bí omi ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń padà wọlé, ẹnìkan á ṣí ọmọrí tánkì, á ní òun fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ tú ibi tó dí. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú tánkì yẹn tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Bí ó bá pọ̀, ó ń pa imú kú: òórùn á ṣàdédé lọ, ẹni tó wà nínú ihò á rò pé ibẹ̀ ti dára, ó sì kù díẹ̀ kó dákú. Ẹni tó wà lókè á rí i tó ṣubú, á bẹ́ sínú rẹ̀ láti yọ ọ́, òun náà á ṣubú. Báyìí ló ṣe ń pa ẹni méjì, mẹ́ta, nínú ihò kan ṣoṣo. Ìbòmú N95 ò lè ṣe nǹkan kan sí i, eruku ló wà fún. Ẹ dúró lókè, ẹ pe àwọn tó ní irin iṣẹ́.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tún máa ń kánjú fa gbogbo omi ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ìta ṣì mumi yó, ó sì ń ti ògiri. Omi inú ló ń bá ògiri ti ìta padà. Bí ẹ bá fà á tán lójijì, ògiri lè wó sínú. Ẹ fa ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ sàmì sí ògiri, ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ wo bóyá omi tún ga sí i.

Bílíìṣì lórí ẹ̀gbin

Bí mo bá ní kọ́bọ̀ kan fún gbogbo ìgbà tí mo bá bílíìṣì lórí ẹrẹ̀, mi ò bá ti fẹ̀yìn tì. Bílíìṣì kì í yan ohun tó máa jà. Bó bá kan ẹrẹ̀, ìgbẹ́, ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ló ń bá jà, agbára rẹ̀ á sì tán síbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò àrùn tó wà lábẹ́. Òórùn rẹ̀ á gba ilé kan, onílé á ní ó ti mọ́. Ọ̀rọ̀ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ ṣan án títí omi tó ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ á fi mọ́. Ìgbà yẹn ni oògùn kàn. Fún ilẹ̀ líle tí kì í fa omi mu, ife bílíìṣì 1 (bíi mílílítà 240) nínú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4 ti tó. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù fún bíi ìṣẹ́jú 10. Kí a dà á kí a nù ún lójú ẹsẹ̀, ìnáwó lásán ni. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, nítorí èyí tí ẹ pò lánàá ti ń kú.

Ẹ má da á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, àyàfi omi. Bó bá pàdé amóníà tàbí oògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì nínú, èéfín olóró ló ń jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ ní amóníà nínú, ìdí mìíràn rèé tí fífọ̀ fi ń ṣáájú.

Fáànù tó ń gbọn àrùn kiri

Kí ẹ tan fáànù sí ilẹ̀ tí ẹ ò tíì fọ̀ dà bí ẹni ń fẹ́ eérú. Ẹ̀gbin tó gbẹ ń di eruku, eruku ń wọ yàrá tí omi kò dé, ó ń wọ ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń wọ imú ọmọdé. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fa eruku nínú ilé lójoojúmọ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fa á ní iwájú, ó ń tu èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ dà sẹ́yìn. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ní asẹ́ HEPA, tó ń dí ìdá 99.97 nínú 100 eruku tó kéré tó máíkírọ́ọ̀nù 0.3, tí ojú lásán kò lè rí.

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ tan fáànù bó ṣe wù yín. Àmọ́ bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ẹ ti fèrèsé. Mo ti bá ẹ̀rọ náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí kalẹ̀ lásìkò òjò. Ọ̀rinrin gbogbo àdúgbò ló ń gbìyànjú láti fà.

Ohun tí a ò fẹ́ jù nù

Ibí ni ìjà máa ń wà láàrin èmi àti onílé, mi ò sì bínú sí wọn, nítorí owó ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: ohun tó bá fa omi dúdú mu, kò sí ọṣẹ tó lè dé inú rẹ̀. Fóòmù, ìrọ̀rí, àga onítìmùtìmù, kápẹ́ẹ̀tì àti ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀, ọmọlángidi aláṣọ, gbogbo wọn ń lọ. Sísá fóòmù sóòrùn ń gbẹ ìta rẹ̀ ni.

Irin, gíláàsì, táìsì, ike líle àti ojúlówó igi ṣeé fọ̀. Aṣọ náà ṣeé fọ̀ nínú omi gbígbóná, lọ́tọ̀ sí aṣọ tó mọ́. Ìwé pàtàkì tí kò ṣeé rí gbà mọ́ ńkọ́? Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fírísà tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Yìnyín ò ní wo ó sàn, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó bu títí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi rí i.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí ẹ tó gbé e síta, pẹ̀lú ibi tí omi ga dé lára ògiri. Ẹ gé díẹ̀ nínú kápẹ́ẹ̀tì pa mọ́ sínú ọ̀rá bí ẹ bá ní ìbánigbófò. Mo mọ ẹni tó ti kó ohun gbogbo dànù tán kó tó rántí.

Ògiri tó ń tan ọwọ́ jẹ

Omi kì í dúró síbi tí àmì rẹ̀ wà. Ó ń gun ògiri bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ògiri jípsọ́ọ̀mù, ìyẹn pátákó oníyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi bébà bò níwájú lẹ́yìn, ló burú jù, bébà yẹn ni oúnjẹ èbu. A máa ń gé e kúrò, ó kéré tán ní sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá ibi tí omi ga dé, kí a lè fọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò ní àrékérekè tirẹ̀: ojú rẹ̀ á gbẹ, omi ẹlẹ́gbin á ṣì wà nínú ihò rẹ̀, àfi bí a bá lu ihò kéékèèké sí ìdí ògiri kó lè ṣàn jáde.

Èbu lè bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 24 sí 48, ìdí rèé tí àwọn èèyàn fi ń kánjú kùn ún. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀dà tí a kùn sórí ọ̀rinrin ń ti ọ̀rinrin mọ́nú ni. Ọwọ́ kò lè sọ fún yín pé ògiri ti gbẹ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń kàn mọ́ ara rẹ̀ tó ń ka ọ̀rinrin. A ó kọ́kọ́ kàn án mọ́ ibi tí omi kò dé nínú ilé kan náà, a ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, a ó wá máa fi ibi tí omi dé wé e lójoojúmọ́. Igi tó bá ṣì ju ìdá 16 nínú 100 lọ, ẹ má tíì bò ó.

Bí ẹ bá gba oníṣẹ́, ẹ ní kó fi ìwé tó kọ iye wọ̀nyẹn sí hàn yín. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri lórí, tó ní “ó ti gbẹ,” ẹ má tíì san owó rẹ̀ tán. Ní ilé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ 11 ló gbà wá kí ẹsẹ̀ ògiri yẹn tó ka iye kan náà pẹ̀lú ògiri yàrá òkè, lẹ́yìn náà la wá gbé ọ̀dà.