Ẹ wo ìdí ìrù ẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa dá ẹja Nassau grouper mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pẹja àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á ní Bahamas, Belize, Cayman àti Cuba níbi tí wọ́n ti ń pè é ní cherna criolla, ẹja yìí ò pọ̀ mọ́ rárá o. Inú ihò òkúta iyùn abẹ́ òkun ló ń gbé, ó máa ń dá wà, ó sì lè gùn ju mítà kan lọ.

Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dá a mọ̀. Ó ní ìlà dúdú gbọọrọ márùn-ún lóòró lára lóòótọ́, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọ̀ ẹ̀ lè ṣí tàbí kó dúdú, tó bá sì di àsìkò ẹyin, òkè ẹ̀ á dúdú, ikùn á funfun. Ibi tí ara ti pàdé ìrù ni kẹ́ ẹ wò, àbàwọ́n dúdú ńlá kan wà níbẹ̀ tó jókòó sórí ẹ̀ bíi gàárì ẹṣin, ìyẹn kì í lọ. Àmì dúdú wínníwínní tún wà láyìíká ojú. Wọ́n máa ń ṣì í mú fún red grouper, ẹja míì tó jọ ọ́, ẹ kàn fọwọ́ na lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, ti Nassau, ẹ̀gún kẹta gùn ju ìkejì lọ, ti red grouper ìkejì ló gùn jù, kò sì ní gàárì yẹn.

Ohun tó ń pa wọ́n tán ni pé láti December dé February, tí òṣùpá bá ti yọ kíkún, ọ̀pọ̀ wọn á ti ọ̀nà jíjìn wá kóra jọ síbì kan náà lọ́dọọdún láti yé ẹyin, apẹja tó bá mọbẹ̀ á kó wọn bẹẹrẹ. Ní Little Cayman, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Cayman, nǹkan bí 4,000 ni wọ́n kó láàárín 2001 sí 2002, ìjọba wá ti ibẹ̀ pa ní 2003. Nǹkan bí 1,200 ló wà níbẹ̀ ní 2009, nígbà tó fi máa di 2018 wọ́n ti tó 7,000! Inú mi dùn gan-an sí ìyẹn, torí ó fi hàn pé tá a bá fi wọ́n sílẹ̀ wọ́n á padà.

Ní Bahamas, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa á láti December 1 títí February fi máa parí. Ní Belize ó di lẹ́yìn March, èyí tí ò bá sì tó 20 ínṣì tàbí tó ju 30 lọ, ẹ dá a padà sómi. Ní Amẹ́ríkà, ẹ má tiẹ̀ pa á rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ẹja gígé, ẹ ní kí wọ́n fi awọ díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà, òfin Belize gan-an sọ bẹ́ẹ̀.