Bí mo ṣe fi bátìrì láptọ́ọ̀pù jí tọ́ọ̀ṣì wa dìde

Tọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, kò sílé tí kò ní irú ẹ̀: olórí ńlá, tó ní ẹnu irin méjì tí wọ́n fi ń kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ẹ ẹ́ rà á, ẹ ẹ́ gbádùn ẹ̀, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bàìbàì, kò ní pẹ́ rárá tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ṣáàjì ẹ̀ mọ́jú, kò ní tàn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, ó di àkìtàn. Tọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ò bàjẹ́ o. Iná LED inú ẹ̀ wà pa, súwíìṣì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bátìrì nìkan ló kú.

Nígbà tí mo tú tiwa, bátìrì onígun mẹ́rin kékeré kan ló wà níbẹ̀, fóòtù (volt) 4, irú èyí tó wà nínú mọ́tò náà ni, lẹ́ẹ̀dì (òjé) àti ásíìdì, wọ́n kàn ṣe tiẹ̀ ní kékeré tí wọ́n sì dé e pa. Ohun tó ń pa á ni pé kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ní òfìfo. Tó bá ti gbẹ tán tẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ lẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀, iná ò sì ní rọ́nà wọlé mọ́. Ẹ wá wò ó, nínú ilé tí NEPA lè mú iná lọ lọ́jọ́ Ajé kó má dá a padà títí di Ọjọ́rú, báwo nìyẹn ò ṣe ní kú? Mo lè ra òmíràn, wọ́n ń tà á, àmọ́ ohun tó pa ti àkọ́kọ́ náà ló máa pa ìkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú gbé bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, sí i, kí n sì ṣe é bó ṣe yẹ, torí iṣẹ́ yìí kan náà làwọn kan ń fi wàdùwàdù ṣe tí iná fi ń sọ nínú yàrá.

Computer Village n'Ìkẹjà ni mo ti rí bátìrì, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Otigba, ó kó àwọn bátìrì kóńdẹ́ẹ̀mù sínú páálí lábẹ́ tábìlì. Mo kí i dáadáa, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tí kò wú, tómi ò sì wọ̀ rí." Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Má lọ jó ilé o." Mo ṣàlàyé fún un, ó sì bá mi ṣà á. Tí láptọ́ọ̀pù bá ní bátìrì òun ti kú, kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ síbẹ̀, ló kú. Nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́, sẹ́ẹ̀lì 6 ló wọ́pọ̀, wọ́n á so wọ́n ní méjì méjì lọ́nà mẹ́ta, tí méjì kan bá ti rẹ̀ báyìí, bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ á ti gbogbo ẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ àwọn yòókù ṣì lè lágbára gan-an.

Títú u gba sùúrù. Mo bọ́ òrùka àti wọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi, mo kó gbogbo irin kúrò lórí tábìlì, ìta ni mo jókòó sí, mo sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fi ọ̀bẹ gún un o, torí ọ̀bẹ tó bá fi lè wọnú sẹ́ẹ̀lì, iná ló ń dá sílẹ̀ yẹn. Ike pẹlẹbẹ táwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń ṣí fóònù ni mo fi ń là á létí díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ṣí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń gé, tí mo bá gé ọ̀kan mo máa fi téèpù bo ojú ẹ̀ kí n tó kan òmíràn, kí sísọ́ọ̀sì má baà fara kan ẹnu méjèèjì pọ̀.

18650 ni wọ́n ń pe sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún: milimítà 18 ni ìbú ẹ̀, 65 ni gígùn ẹ̀, òdo ìparí yẹn ń sọ pé ó rí gbọ̀ọ̀rọ̀, ó sì rí roboto. Tó bá kún, fóòtù 4.2, tó bá ti ń sún mọ́ 3, ẹ ti lò ó tán. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà rèé: gbogbo ara ẹ̀, látìdí títí dé èjìká, nẹ́gétíìfù ni. Kì í ṣe ìdí nìkan o. Fìlà kékeré tó wà lórí yẹn nìkan ni pọ́síìtìfù, àlàfo tó wà láàárín òun àti èjìká ò sì tó nǹkan rárá, awọ ike fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé e àti òrùka pépà kan tó wà lábẹ́ awọ yẹn ló ń là wọ́n. Mo gbé wọn síwájú iná fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń yí wọn bìrí, mo sì rí ọ̀kan tí awọ ẹ̀ ti ya létí èjìká níbẹ̀, ibi tó ya ò tó èékánná ọmọdé. Tí irin bá lè bọ́ sí ojú ibẹ̀ tó sì tún kan fìlà, sẹ́ẹ̀lì á gbóná, á tú èéfín, á sì gbiná. Mo fi òrùka pépà tuntun sí i, mo ki gbogbo ẹ̀ bọ rọ́bà tó máa ń sún kì tí ooru bá rà á, mo wá gé orí ẹ̀ dọ́gba.

Lẹ́yìn náà mo gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn fóòtù. Ọ̀kan ò tó fóòtù 2, mo yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń fipá jí irú ẹ̀, wọ́n á ní ó ti gba ṣáàjì, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó bá ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kọ́pà inú ẹ̀ ti ń yòrò, tí iná bá tún wọ̀ ọ́, kọ́pà yẹn lè dì síbi tí kò yẹ, kó sì fa ìpàdé iná látinú, kò sì sí ẹni tó lè fojú rí i níta. Mo ṣáàjì àwọn tó kù kún, mò ń fọwọ́ kàn wọ́n léraléra bóyá ọ̀kan á gbóná, kò sí. Mo wá kó wọn kalẹ̀ láìlò wọ́n fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo tún gbé mítà sí wọn. Mẹ́rin ṣì wà lókè 4.1, ọ̀kan ti já bọ́ sí 3.8 láìsẹ́ni tó lò ó. Ìyẹn ń jò nínú, mo yà á sọ́tọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ìdúró yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní sùúrù fún, bẹ́ẹ̀ èmi ò lè fi sẹ́ẹ̀lì tí mi ò tíì dán wò báyìí sílé táwọn ọmọdé ń sùn sí.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò ra tuntun. Ẹ lè rà á, àmọ́ ẹ lajú yín. Tẹ́ ẹ bá rí 18650 tí wọ́n kọ 9900 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) sí lára, irọ́ ni, kò sírú ẹ̀. Èyí tó dáa jù táwọn iléeṣẹ́ gidi ń ṣe wà ní nǹkan bí 3500 sí 4000. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n, ojúlówó máa ń tó gíráàmù 45 sókè, ayédèrú á fúyẹ́ lọ́wọ́.

Ó wá kan ṣájà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bọ́ọ̀dù kékeré kan ló wà nínú tọ́ọ̀ṣì yẹn tó gba iná wọlé látara ògiri. Kò ní tiránsífọ́mà. Kápásítọ̀ kan (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná sínú) tí wọ́n kọ 400V sí lára àti dáyọ́òdù mẹ́rin (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ni wọ́n fi ń dín iná NEPA kù, bó ṣe wọlé náà ló kan bátìrì, kò sóhun tó là wọ́n. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin inú ẹ̀ nígbà tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná fóòtù 220 ló fọwọ́ kàn yẹn. Kò tún sí ohun tó máa sọ fún un pé bátìrì ti kún, á kàn máa fún un lọ ni. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì lè fara dà á díẹ̀, torí fóòtù 4 tiẹ̀ yẹn máa ń gòkè dé bíi 4.8 tí wọ́n bá ń ṣáàjì ẹ̀. Lithium ò gbọ́dọ̀ kọjá 4.2. Ẹni tó bá yọ bátìrì lẹ́ẹ̀dì, tó wá so lithium mọ́ wáyà kan náà, tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó lọ sùn, iná ló dá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo ti gbọ́ káwọn kan sọ pé bátìrì ló burú. Bátìrì ò burú, ṣájà ni ò bá a mu.

Èmi gé bọ́ọ̀dù yẹn kúrò pátápátá. Kí n tó fọwọ́ kàn án mo fi rẹ̀sísítọ̀ fa iná tó kù nínú kápásítọ̀ ẹ̀ tán. Mo yọ ẹnu irin méjèèjì tó ń wọ ògiri, mo sì fi gúlúù epoxy dí ojú ihò ẹ̀ pa, torí mo mọ ilé wa, tí ẹnu yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, bó pẹ́ bó yá màámi tàbí ọmọ kan á kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo fi rọ́pò ẹ̀ ni bọ́ọ̀dù ṣájà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TP4056, èyí tó ní ẹnu yúùsíbì. Oríṣi méjì ló wà o, ẹ má ra èyí tó ní ojú B+ àti B- nìkan, èyí tó tún ní OUT+ àti OUT- ni kẹ́ ẹ rà, òun ló ní ààbò lára. Tó bá dé 4.2 á dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń lọ sí nǹkan bíi 2.5 á gé iná, tí wáyà bá pàdé náà á gé e. Sẹ́ẹ̀lì méjì ni mo lò, mo so pọ́síìtìfù mọ́ pọ́síìtìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, àmọ́ kí n tó so wọ́n mo rí i pé fóòtù wọn dọ́gba, torí tí ọ̀kan bá kún tí ìkejì sì gbẹ, èyí tó kún á rọ́ iná lu èkejì ní wọ̀ọ̀. Mi ò jó sódà sára sẹ́ẹ̀lì, ooru ayọ́n ń ba inú ẹ̀ jẹ́, ilé bátìrì oníke tó ní sípíríǹgì ni mo rà, ara ìyẹn ni mo jó wáyà mọ́. Láti ibẹ̀ sí B+ àti B-, láti OUT+ sí súwíìṣì, ó parí. Mo fi gúlúù mú gbogbo ẹ̀ kó má máa mì, kí wáyà má baà já wọ inú ẹ̀ tí tọ́ọ̀ṣì bá ṣubú.

Ó tàn. Iná ẹ̀ funfun báláú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mítà fi hàn pé ó ń fa nǹkan bíi 400 mAh láàárín wákàtí kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ti lò díẹ̀ nínú agbára wọn, síbẹ̀ ó ń gbé wa láti ìrọ̀lẹ́ di òru jíjìn. Ṣájà fóònù la fi ń ṣáàjì ẹ̀, iná pupa tó bá ń gba, búlúù tó bá kún, orí táìsì ilẹ̀ la ń gbé e sí, kì í ṣorí fóòmù, a kì í sì í fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Àbúrò mi rí i, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi sẹ́ẹ̀lì tó kù ṣe vape, sìgá tó ń lo bátìrì yẹn, mo rí bí wọ́n ṣe ń tú inú tọ́ọ̀ṣì kúrò tí wọ́n á sọ ọ́ di ti sìgá." Òótọ́ ni, ní nǹkan bí ọdún 2008 táwọn kan nílùú Ọba kọ́kọ́ ń fọwọ́ ara wọn ṣe é, ara tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n lò. Mo ní rárá, mo sì gbé bírò. LED yìí ò fa ju ìdajì áńpíà (ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) lọ. Wáyà tó ń gbóná nínú vape lè jẹ́ óómù (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó) 0.2 péré, ẹ fi 0.2 pín 4.2, áńpíà 21 nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀, áńpíà 4 tàbí 5 ni agbára ẹ̀ mọ. Kò sì sí bọ́ọ̀dù ààbò kankan nínú irú vape àfọwọ́ṣe yẹn, irin tí wọ́n dé ní orí ní ìdí ni, tí sẹ́ẹ̀lì bá tú èéfín kò ní rí ibi gbà jáde, á bú gbàmù, iwájú ẹnu èèyàn ló sì wà. Ó pa ọkùnrin kan ní Florida lọ́dún 2018, ó pa òmíràn ní Texas lọ́dún 2019, vape bú gbàmù mọ́ wọn lójú. Mo fi ìròyìn ẹ̀ hàn án. Ó dákẹ́ lọ, ó ní, "Ẹ kọ́ mi ní ti tọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn." Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó mọ mítà í lò báyìí.

Sẹ́ẹ̀lì méjì tí mo yà sọ́tọ̀, mo fi téèpù dí wọn lórí nídìí, mo kó wọn sínú ike tí mo da iyanrìn sí, mo gbé wọn padà fún ẹ̀gbọ́n Otigba, torí àwọn tó ń ra pàǹtí láptọ́ọ̀pù máa ń wá kó o lọ́dọ̀ ẹ̀. Mi ò ju wọ́n sí dọ́sìbíìnì, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí á fún wọn pa, wọ́n á gbiná nínú ẹ̀. Méjì tó dáa tó ṣẹ́kù, láńtà ìsọ̀ màámi ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe, bọ́ọ̀dù ṣájà inú ìyẹn náà ni mo máa kọ́kọ́ gé.