Tíṣà TP nínú kíláàsì iṣẹ́ àgbẹ̀: bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ tó bá lọ ṣe TP (teaching practice, ìgbà tí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ fi kíláàsì dánra wò) nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń rò pé nóòtì ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á kọ ọ́ sójú pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà tí supervisor, ẹni tó ń wá yẹ iṣẹ́ wọn wò, bá ń bọ̀ ni wọ́n á tó rántí oko. Ìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún ọ, irúgbìn tí kò bá wọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì kò ní tó kórè kó o tó kẹ́rù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni ọkọ́ gbọ́dọ̀ ti kan ilẹ̀. Tí bẹ́ẹ̀dì kan bá ti wà níta, ara rẹ̀ lo ti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó pọ̀ jù nínú scheme, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ sáà náà: ilẹ̀, ajílẹ̀, èpò, kòkòrò, àkọsílẹ̀ oko.

Ọjọ́ tó o dé

Lẹ́yìn tó o bá ti kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ni kíláàsì ló kàn. "Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni tíṣà TP tí wọ́n ní kó wá bá yín mú SS1. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ bá iṣẹ́ dé?" Gba scheme lọ́wọ́ wọn, kó o tún yẹ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta wò, torí ibi tí scheme wà àti ibi tí ìwé àwọn ọmọ dé kì í sábà bára mu. Bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta sí i: ọjọ́ tí double period bọ́ sí, ibi tí omi wà, àti ẹni tó máa ni ẹ̀fọ́ tí ẹ bá kórè. Ìbéèrè kẹta yẹn ló máa ń dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fẹnu ara wọn sọ ọ́ kí irúgbìn tó wọlẹ̀: ṣé àwọn ọmọ ló máa pín in ni, àbí wọ́n á tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra irúgbìn mìíràn.

Ibi tí irinṣẹ́ wà ni kó o gbà lọ láti ibẹ̀. Ka ọkọ́, àdá àti kẹ́ẹ̀tì ìbomirin. Di ẹ̀rúkọ́ ọkọ́ kọ̀ọ̀kan mú, kó o mì í. Èyí tí orí rẹ̀ bá ń ṣe wọ́nkọwọ̀nkọ, yà á sọ́tọ̀. Tó bá fò yọ lọ́wọ́ ọmọ kan, ara ọmọ ẹlòmíràn ló máa balẹ̀ sí. Tó o bá rí ike oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apèpò nínú stóòrù, má fọwọ́ kàn án, má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Sọ fún ọ̀gá. NAFDAC ti fòfin de paraquat, oògùn apèpò kan, láti 1 January 2024, nítorí náà kò tiẹ̀ yẹ kó ṣẹ́ kù síbẹ̀ rárá.

Má fi oko jẹ ọmọ níyà

Ó pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa tó jẹ́ pé ọmọ tó bá pẹ́ dé, oko ló ń lọ, kó lọ ṣán koríko. Ọmọ tí wọ́n fi oko jẹ níyà ní Monday, báwo lo ṣe fẹ́ kó fi tọkàntọkàn ro bẹ́ẹ̀dì ní Thursday fún máàkì? Ìyà ló máa rí, kò ní rí ẹ̀kọ́. Tí ọmọ bá ṣẹ̀ ọ́ nínú kíláàsì, fún un níṣẹ́ mìíràn. Jẹ́ kó dúró lẹ́yìn kó sọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà fún ọ, tàbí kó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ oko. Oko ni kó o fi yẹ́ ọmọ sí: àwọn tó ṣe dáadáa ni kó kọ́kọ́ mú okùn àti èèkàn.

Kí lo máa gbìn?

Tẹ̀tẹ̀ ló yẹ ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ń hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì tó fà tu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ewédú máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àgbàdo dára púpọ̀ fún ẹ̀kọ́ àlàfo, 75 cm láàárín ìlà, 25 cm láàárín igi kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kó tó tútù jẹ, oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni. Àyàfi tí TP rẹ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu, fi wọ́n sílẹ̀.

Ewédú ní ọgbọ́n tirẹ̀, ọgbọ́n yẹn sì ni ẹ̀kọ́ tó dùn jù tó o lè fi bẹ̀rẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, kì í jẹ́ kí omi wọ inú. Tó o bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù, wọ́n á ní irúgbìn ò dáa. Di irúgbìn sínú aṣọ mímọ́, má so ó pinpin jù. Jẹ́ kí omi hó dáadáa, rì í bọ inú rẹ̀, ka ení dé ẹ̀wá, fà á jáde, sọ ọ́ sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná, ó ti jinná nìyẹn. Sá a síbòòji kó gbẹ, kó o gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ìwọ ni kó o fọwọ́ kan omi híhó, kí àwọn ọmọ máa wò, kí wọ́n sì máa bá ọ kà á.

Kó o tó gbin gbogbo rẹ̀, mú 50 tó o ti rì bọmi gbígbóná àti 50 tí o kò rì, tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ tútù nínú àwo, kọ àmì sí wọn lára. Ní ọjọ́ karùn-ún, kí àwọn ọmọ ka èyí tó hù, kí wọ́n pín in sí 50, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Tí 41 bá hù, 82% nìyẹn. Nóòtì tó o máa kọ lórí ìdánwò irúgbìn ti parí, àwọn ni wọ́n sì bá ọ kọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa la bẹ́ẹ̀dì

Mítà 1.2 ni ìbú, mítà 3 ni gígùn, 15 sí 20 cm ni gíga, kí ojú ọ̀nà àárín wọn jẹ́ 50 cm. Sọ ìdí rẹ̀ fún wọn: ọwọ́ ọmọ lè dé àárín bẹ́ẹ̀dì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ tó ti rọ̀ mọ́lẹ̀.

Kí igun rẹ̀ lè gún régé, wá okùn kan, ta kókó mẹ́tàlá sára rẹ̀, kí àlàfo láàárín kókó kan àti èkejì jẹ́ 30 cm. Ọmọ kan á di kókó kìíní àti ìkẹtàlá mú pọ̀, ọmọ kejì á di ìkẹrin, ọmọ kẹta á di ìkẹjọ, wọ́n á wá fà á le. Ibi tí kókó kẹrin wà ni igun tó gún. Láti ibẹ̀ dé kókó kẹjọ jẹ́ 120 cm gééré, ìyẹn ìbú bẹ́ẹ̀dì yín. Kan èèkàn mọ́ ọn. Àwọn tó ń bẹ̀rù ìṣirò máa ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí wọ́n bá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ, kílò kan fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan; kílò mẹ́ta ààbọ̀ tó bẹ́ẹ̀dì kan. Rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Tí òórùn rẹ̀ bá ṣì ń ta ọ́ nímú, tútù ló ṣì wà, ó máa jó gbòǹgbò. Wá ti àtijọ́ ní ọgbà adìyẹ.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré débi pé ọmọ á da gbogbo rẹ̀ sójú kan. Po ṣíbí ìmutíì kan mọ́ ife iyanrìn gbígbẹ kan, ìyẹn tó bẹ́ẹ̀dì náà. Fa ìlà ní 20 cm síra wọn, kó má jìn tó 1 cm, bò ó fẹ́rẹ́. Fi koríko gbígbẹ bò ó díẹ̀, kó o sì ṣí i kúrò ní kété tó bá ti yọjú. Tó bá pẹ́ lábẹ́ koríko, á funfun, á ga gbọọrọ, á sì wó. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ẹ̀tì lítà mẹ́wàá méjì ló tó bẹ́ẹ̀dì kan lóòjọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ tí ilé wọn súnmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni kó o fi sí Saturday àti Sunday. Òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbíngbìn ni ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì máa ń kú.

Tí àwọn ọ̀gbìn kéékèèké náà bá ń rà láti ìdí, wọ́n ti pọ̀ jù lójú kan, omi náà sì ti pọ̀. Fa díẹ̀ tu nínú wọn. Tí ìlà kan bá ṣófo pátápátá, ó lè jẹ́ èèrà ló kó irúgbìn lọ. Tí ewé bá ká, tú u wò: kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà á ní kùtùkùtù.

Ọmọ ọgọ́ta, ọkọ́ mẹ́jọ

Pín wọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀dì kan fún ẹgbẹ́ kan. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni kan ló ń mú ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó kù ń wọn ilẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta, wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀. Pàrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Mítà méjì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹni tó mú irinṣẹ́ àti ẹnikẹ́ni. Èèkù ni wọ́n fi ń na àdá síni, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ka irinṣẹ́ kó tó jáde, kó o tún kà á kí ẹnikẹ́ni tó kúrò lóko.

Inú kíláàsì

Ìṣẹ́jú 40 kò tó nǹkan. Márùn-ún fún ìbéèrè lórí iṣẹ́ àná, mẹ́wàá fún àlàyé pẹ̀lú ohun tó ṣeé fojú rí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n fọwọ́ kàn án, méje fún nóòtì tí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, mẹ́ta fún ìbéèrè ìkẹyìn. Nínú lesson note, má kọ pé "akẹ́kọ̀ọ́ á mọ̀ nípa èpò". Supervisor máa bi ọ́ bó o ṣe fẹ́ wọn ìmọ̀ yẹn. Kọ ọ́ pé "akẹ́kọ̀ọ́ á lè ṣa èpò márùn-ún lóko ilé ẹ̀kọ́, á sì kọ orúkọ wọn."

Fún ẹ̀kọ́ ilẹ̀, da ilẹ̀ oko sínú ike omi dé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, bu omi kún un, dé e, gbọ̀n ọ́n dáadáa, gbé e kalẹ̀. Iyanrìn máa balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú láàárín wákàtí mélòó kan, amọ̀ lè di ọjọ́ kejì. Gbọ̀n ọ́n ní Monday, kí wọ́n wọn ìpele kọ̀ọ̀kan ní Wednesday.

Àwọn ọmọ mọ èpò ju bó o ṣe rò lọ, Yorùbá ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kó o wá fi orúkọ tí WAEC ń bèèrè lé e: ẹ̀kan ni Imperata cylindrica, imí eṣú ni Ageratum conyzoides, ewé Akíntọ́lá ni Chromolaena odorata, patanmọ́ ni Mimosa pudica, gbúre ni Talinum triangulare. Kí wọ́n tẹ̀ wọ́n sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, kí wọ́n gbé nǹkan tó wúwo lé e, kí wọ́n máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀, á bu.

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn

Ẹ fa tẹ̀tẹ̀ tu láàárọ̀, ẹ gbọn ilẹ̀ kúrò ní gbòǹgbò, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Tó bá jẹ́ kílò 9 láti bẹ́ẹ̀dì mítà onígun mẹ́rin 3.6, kílò 2.5 ni mítà onígun mẹ́rin kan, 25,000 kílò ní hẹ́kítà kan; kí wọ́n ṣe ìṣirò yẹn fúnra wọn, lórí ohun tí wọ́n gbìn. Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí bẹ́ẹ̀dì, àkọsílẹ̀ àti ìtọ́jú irinṣẹ́. Kó ìwé máàkì náà fún olùkọ́ tó ni kíláàsì, pẹ̀lú irúgbìn tó ṣẹ́ kù nínú ìgò gbígbẹ tó o kọ orúkọ àti déètì sí lára, kí ẹ sì jọ ka irinṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.