Bí A Ṣe Ń Fagi Lé Ìgbéyàwó Nílé Ẹjọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá lọ́yà pé kó bá àwọn fagi lé ìgbéyàwó ló jẹ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn. Ọkọ ń lu ìyàwó, ìyàwó ń yan àlè, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti èṣín. Gbogbo rẹ̀ burú, àmọ́ kò sí èyí tí adájọ́ lè tìtorí rẹ̀ fagi lé ìgbéyàwó nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ sábà máa ń dá lé. Ẹjọ́ ìfagilé ń padà lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà, ṣé ó dúró lójú òfin? Kí ẹ tó náwó kankan, ìbéèrè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yín wò.

Pé ìgbéyàwó kò pẹ́ kì í ṣe ìdí. Ọba Henry Kẹjọ ti Ẹ́ńgláǹdì fẹ́ Anne ará Cleves ní oṣù Kìíní ọdún 1540, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Keje ọdún kan náà. Kì í ṣe oṣù mẹ́fà yẹn ni wọ́n gbé lọ síwájú àwọn tó dájọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọn kò bára wọn lòpọ̀, àti pé àdéhùn ìgbéyàwó ti wà láàárín obìnrin náà àti ọkùnrin mìíràn kí ó tó dé. (Ẹnu ọba ni gbogbo wọn ń wò lọ́jọ́ náà, ẹ má fi tiyín wé e.)

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́ tiyín

Oríṣi méjì ni òfin mọ̀. Èkíní ni ìgbéyàwó tí kò fìgbà kan wà rárá. Ọ̀kan nínú wọn ti ní ọkọ tàbí aya lábẹ́ òfin, tí onítọ̀hún ṣì wà láàyè, tí wọn kò sì tíì kọ ara wọn. Tàbí kí wọ́n jẹ́ ìbátan tí òfin kà léèwọ̀. Tàbí kí ọ̀kan má tíì tó ọjọ́ orí ìgbéyàwó, bíi ti Ẹ́ńgláǹdì àti Wales tó ti sọ ọ́ di ọdún 18 láti ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2023, tí òbí kò sì lè fi àṣẹ tiwọn yí i padà. Tàbí kí wọ́n fo ìlànà pàtàkì kan tí òfin là sílẹ̀ lórí bí a ṣe ń so èèyàn pọ̀.

Èkejì ni ìgbéyàwó tó wà, ṣùgbọ́n tí àbùkù wà lára rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì á fi gbé e lọ sí kóòtù. Àwọn ìdí tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé ọ̀kan kò lè bá ìkejì lòpọ̀. Pé orí ẹnì kan kò pé tó láti mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Pé ọ̀kan ní àrùn ìbálòpọ̀ tó lè ranni lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Pé ìyàwó gbé oyún ọkùnrin mìíràn wọlé, tí ọkọ kò sì mọ̀.

Orílẹ̀-èdè kì í pín in bákan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Lábẹ́ òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó Nàìjíríà ti ọdún 1970, ìgbéyàwó tí wọ́n fi tipátipá ṣe wà nínú oríṣi kìíní. Ní Ẹ́ńgláǹdì, oríṣi kejì ni. Ní Nàìjíríà, ẹni tí kò lè bá ẹnìkejì rẹ̀ lòpọ̀ ló ń fa ìfagilé. Ẹni tó lè ṣe é àmọ́ tó kọ̀ jálẹ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n máa fi pè é. Ẹ́ńgláǹdì gba méjèèjì fún ìfagilé. Ọsirélíà ní tirẹ̀ ti pa oríṣi kejì rẹ́ pátápátá láti ìgbà tí òfin ẹbí wọn ti ọdún 1975 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ọ̀rẹ́ tó ṣe tirẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ẹ tún bi lọ́yà bóyá òfin náà kan irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe: ti Nàìjíríà tí mo dárúkọ yìí kò kan ti ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí.

Irọ́ àti ipá

Orí ọ̀rọ̀ irọ́ ni ìjà ti máa ń le. Ó ní òun ní ilé mẹ́ta, kò ní ọ̀kan. Ó ní òun ti gboyè, kò parí ìwé mẹ́wàá. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ń dunni wọ egungun, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í sábà fi fagi lé ìgbéyàwó. Irọ́ tó ń wá ni èyí tó kan gbòǹgbò: ẹ rò pé Táyé ni ẹ ń fẹ́, Kẹ́hìndé ló wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ rò pé àdéhùn àfẹ́sọ́nà lásán ni, ìwé ìgbéyàwó ni wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí. California nà án díẹ̀ sí i: ẹni tó mọ̀ pé òun kò lè bímọ tó sì fi pamọ́, tàbí ẹni tó ṣègbéyàwó torí àtirí ìwé ìgbélùú gbà nìkan, lè bá ara rẹ̀ nínú irú ẹjọ́ yìí.

Ní ti ipá, kò dìgbà tí wọ́n bá na ìbọn síni. Àwọn kóòtù Ẹ́ńgláǹdì ti gbà pé bí òbí bá ní àwọn á lé ọmọ jáde nílé, tí kò ní ibòmíràn láti forí pamọ́ sí, tí ìhàlẹ̀ náà sì borí ìfẹ́ inú rẹ̀, ó lè tó. Àbá tí àwọn ẹbí dá, tí ẹ sì gbà torí ojú wọn, kò tó.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà

Oríṣi kìíní kì í sábà ní gbèdéke. Oríṣi kejì ní, kò sì gùn. Ní Nàìjíríà, tó bá jẹ́ ti oyún, àrùn ìbálòpọ̀ tàbí àìsàn ọpọlọ, oṣù 12 péré lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ẹ ní láti pẹjọ́. Ọdún mẹ́ta ni Ẹ́ńgláǹdì fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdí tirẹ̀. California fúnni ní ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí irọ́ náà bá tú.

Ohun mìíràn wà tó ń pa ẹjọ́ ju kàlẹ́ńdà lọ. Bí ẹ bá mọ àbùkù náà kí ẹ tó ṣègbéyàwó, tàbí tí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ sì tún ń sùn pọ̀ bíi tọkọtaya, adájọ́ lè sọ pé ẹ ti fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú sí yín lọ́wọ́, ẹ kúrò lórí ibùsùn kan náà, kí ẹ sì kọ déètì náà síbì kan.

Ẹ̀rí tó yẹ kí ẹ kó jọ

Gbogbo ìwé yín gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Tó bá jẹ́ pé ó ti ní aya níbòmíràn, ìwé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ nìkan kò tó: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé aya náà ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí ẹ ṣe tiyín, àti pé wọn kò tíì kọ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ti oyún, déètì ìbí ọmọ àti àyẹ̀wò DNA ló máa sọ̀rọ̀. Ti ìbálòpọ̀ le, torí iyàrá ò lẹ́nu. Dókítà ló máa ń yẹ èèyàn wò, nígbà mìíràn kóòtù fúnra rẹ̀ ló ń yan dókítà náà. Tó bá jẹ́ ti ipá, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń ṣẹlẹ̀ níyì ju ẹlẹ́rìí mẹ́wàá tó ń rántí lónìí lọ. Ẹ má pa á rẹ́.

Ní kóòtù

Lọ́yà á kọ ìwé ìpẹ̀jọ́, ẹ ó sì búra pé òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ fi ṣe ibùgbé ló sábà máa ń sọ kóòtù tó lè gbọ́ ọ, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Ẹ bi í bóyá ẹ lè bẹ kóòtù fún ìkọ̀sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kejì nínú ìwé kan náà, bí ìfagilé bá kọ̀. Akódà á mú ìwé náà lọ fún ẹnìkejì, òun náà yóò sì fèsì. Bí kò bá fèsì, ẹ má tíì yọ̀: adájọ́ ṣì gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀rí yín. Bó bá sì fura pé ẹ̀yin méjèèjì dìmọ̀ pọ̀ ni, ó lè ní kí ẹ máa lọ sílé.

Àwọn kan á ní bí kò bá fìgbà kan jẹ́ ìgbéyàwó, kí la tún ń wá ní kóòtù? Báńkì, ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì àti akọ̀wé tó máa so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn kò ní gba àlàyé ẹnu, ìwé ni wọ́n máa bèèrè. Ìdájọ́ ìjọ pàápàá kò lè rọ́pò rẹ̀. Póòpù Francis mú kí ti Kátólíìkì rọrùn ní ọdún 2015, kò pọn dandan mọ́ kí kóòtù ìjọ kejì fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ti ìjọ, ọ̀tọ̀ ni ti ìjọba.

Ní ti àwọn ọmọ, òfin ọ̀pọ̀ ìlú dáàbò bò wọ́n: ìfagilé kì í sọ wọ́n di ọmọ àlè. Ohun tó kù ni àbójútó wọn àti pínpín ohun ìní, kí ẹ sì gbé ìyẹn kalẹ̀ nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ oríṣi kejì, ìlú púpọ̀ máa ń kọ́kọ́ fúnni ní àṣẹ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ti ìkẹyìn. Oṣù mẹ́ta ló sábà máa ń wà láàárín méjèèjì ní Nàìjíríà. Ní Ẹ́ńgláǹdì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ gba ẹ̀dà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ lé. Ẹ wo déètì tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́ fún ìgbéyàwó tuntun, torí ẹni tó ṣe é ní ọjọ́ kan péré ṣáájú àṣẹ ìkẹyìn ṣì ní ọkọ tàbí aya lójú òfin.