Bí mo ṣe yọ ilẹ̀ Chad kúrò lára Odò Ọya

Mo ń fi kọ̀ǹpútà ya ààlà ilẹ̀ tí odò kọ̀ọ̀kan lágbàáyé ti ń gba omi, ni mo bá rí i pé gbogbo ilẹ̀ adágún Chad ti lẹ̀ mọ́ ti Odò Ọya. Àṣé kòtò orí àwòrán ilẹ̀ tí mo ní kí kọ̀ǹpútà dí, kí omi má bàa há síbẹ̀, ló fà á: ó bu omi kún Chad dẹ́nu, omi gba odò Mayo Kebbi bọ́ sínú Bẹ́núé, tó ń ṣàn sínú Ọya. Mo lu ihò sí adágún náà lórí àwòrán, kí omi lè parí síbẹ̀. Ààlà yọ lóòótọ́, àmọ́ omi ń gòkè láti Bodélé, kòtò ńlá kan ní aṣálẹ̀ Chad, wá sínú adágún! Bodélé fi ohun tó lé ní 100 mítà rẹlẹ̀ jù ú lọ. Mo gbé ihò lọ síbẹ̀, ó bọ́ sí i. Òkun Caspian, tí omi rẹ̀ kò ṣàn dé òkun ńlá kankan, náà gba ihò tirẹ̀.