Ohun tí ojú mi rí kí iná ilé ìdáná mi tó di LED

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra ọ̀pá iná LED fún iná ilé ìdáná kan ṣoṣo. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, torí bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi pé kí n yẹ hóódà tí ẹsẹ̀ ọ̀pá ń wọ̀ wò kí n tó náwó, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni ì bá jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é.

Àpótí gígùn tó ń gba ọ̀pá fluorescent méjì ló wà lókè àjà náà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni ọ̀pá rẹ̀ gùn, T8 ni, ìyẹn irú tó nípọn tó íǹṣì kan, wáàtì 32 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ wá lẹ́nu. A ó tẹ síwíìṣì, yóò máa ṣẹ́jú, yóò máa kùn bí oyin, a ó ti gbé omi kaná tán kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìdí ọ̀pá méjèèjì ti dúdú. Mo pààrọ̀ ọ̀pá, kò yí padà. Bálásìtì inú àpótí náà, èyí tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù lára ọ̀pá, ló ń kú lọ. Mo bèèrè iye tí bálásìtì tuntun jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọ̀pá LED méjì. Mo ní kí ni mo tún ń wá lọ́dọ̀ fluorescent?

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí LED àkọ́kọ́ tí mo rà pé kí n yọ ọ̀pá àtijọ́, kí n ki tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Ẹ̀yìn páálí náà ni wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí pé bálásìtì tó wà nínú àpótí ni yóò gbé e ṣiṣẹ́, àti pé bálásìtì náà gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n to orúkọ wọn. Orí bálásìtì tó ń kú lọ ni mo gbé ọ̀pá tuntun lé! Ó wá ń ṣẹ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti ya páálí, nítorí náà wọn kò gbà á padà lọ́wọ́ mi. Type A ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Type B ni mo padà lọ rà, èyí tí kò fẹ́ rí bálásìtì sójú rárá. Iná ilé gan-an ló ń gbà, tààrà.

N kò ní fi bí wọ́n ṣe ń pa bíréékà àti bí wọ́n ṣe ń tú ìdérí gba àkókò yín. Ẹ ṣáà fi tẹ́sítà kan waya kí ọwọ́ yín tó kàn án, torí síwíìṣì ara ògiri nìkan kò tó. Mo gé bálásìtì kúrò, mo to waya bí àwòrán inú páálí ṣe wí. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, inú mi sì dùn gan-an.

Olórí kan ni Type B tí mo rà. Orí kan ṣoṣo ni láìfù (waya tó ń gbé iná wá) àti níútírà (waya tí iná ń gbà padà) ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ kan fún láìfù, ẹsẹ̀ kejì fún níútírà. Orí tó kù kàn ń gbé ọ̀pá dúró ni. Mo ki láìfù sí ihò apá kan hóódà, mo ki níútírà sí apá kejì, mo gbé ọ̀pá sí i, mo lọ gbé bíréékà sókè. Pàá! Ó já wálẹ̀. Mo tún gbé e, ó tún já.

Ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo gbé e padà síbi tí mo ti rà á, wọ́n dán an wò lójú mi, ó tàn yòò. Tìbínú-tìbínú ni mo fi padà sílé. Mo ní bóyá etí páànù àpótí náà ló bó waya. Mo fa gbogbo waya jáde, mo yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan, mo fi tépù we ibi tí nǹkan kan kò ṣe. Bíréékà já. Ilẹ̀ ṣú, iná tọ́ọ̀ṣì la fi dáná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó ronú àtiyọ ọ̀pá kúrò pátápátá kí n tó gbé bíréékà. Ó já. Kò sí ọ̀pá níbẹ̀, síbẹ̀ ó já! Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo tú hóódà sílẹ̀, mo yọ gbogbo waya ara rẹ̀, mo yí mítà ọwọ́ tí wọ́n fi ń dán waya wò síbi tó ti máa ń ké bí ọ̀nà bá wà fún iná láti kọjá, mo wá fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan irin méjì tó wà nínú hóódà. Ó ké. Irin méjì tí mo rò pé wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti inú ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Láìfù àti níútírà ni mo ń so mọ́ra wọn láti ọjọ́ yìí wá.

Shunted ni wọ́n ń pe irú hóódà bẹ́ẹ̀. Bálásìtì tó ń tan ọ̀pá lójú ẹsẹ̀, láìkọ́kọ́ mú ìdí ọ̀pá gbóná, ni wọ́n ṣe é fún. Waya kan ṣoṣo ni irú bálásìtì yẹn ń fi sí orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so irin méjèèjì pọ̀. Mo sì rí i o, kí n tó gé nǹkan kan, pé waya kan péré ló wọ hóódà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fura, kí ẹ sì fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, torí ojú lásán kò lè rí inú rẹ̀. Ìwé tó wà nínú páálí mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, ní gbólóhùn kan, nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó lè já bíréékà nílé onílé, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síwájú páálí ni.

Ká ní mo ti mọ̀ ni, LED olórí méjì ni ǹ bá rà. Láìfù a gba orí kan, níútírà a gba èkejì, hóódà shunted kò sì ní dí i lọ́wọ́. Kìkì pé tí ẹ bá ń ki irú rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti pa bíréékà, torí bí orí kan bá ti wọlé, iná lè wà lẹ́sẹ̀ orí kejì tó wà lọ́wọ́ yín. Èmi ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì, n kò lè san ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Hóódà méjì tí kì í ṣe shunted ni mo lọ rà, ọ̀kan fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ní apá tí iná ti ń wọlé nìkan. Àwọn tí mo kọ́kọ́ mú kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀pá wá dagun. Mo ní láti mú hóódà àtijọ́ dání padà lọ kí n tó rí èyí tó bá a dọ́gba.

Nígbà tí mo gbé bíréékà lọ́jọ́ kẹrin, ó dúró. Mo tẹ síwíìṣì, ilé ìdáná mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìkùn, láìṣẹ́jú. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré wá wò ó. Ọ̀pá méjèèjì ń jẹ wáàtì 30 pọ̀, níbi tí 64 ti ń lọ tẹ́lẹ̀, mo sì ń rí ẹnu ọ̀bẹ mi kedere lórí pátákó tí mo fi ń gé nǹkan.

Mo we àwọn ọ̀pá fluorescent sínú páálí LED, mo gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú wọn, torí mẹ́kúrì wà nínú wọn, kò sì dáa kí wọ́n fọ́ nílé. Kí n tó dé ìdérí padà, mo fi máákà kọ ọ́ sínú àpótí náà pé: "Kò sí bálásìtì níbí mọ́. LED olórí kan nìkan. Apá fèrèsé ni iná ti ń wọlé."