Bí àlàfo ẹni kìíní àti ẹni karùn-ún ṣe dínkù
Nínú eré cross country (eré ìje ọ̀nà jíjìn lórí pápá àti ojú ọ̀nà inú igbó) ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà, ipò àwọn 5 tó kọ́kọ́ dé nínú ẹgbẹ́ la máa ń rò pọ̀. Iye tó kéré jù ló borí. Ẹni karùn-ún ló sábà máa ń bà á jẹ́: lọ́jọ́ eré pẹ̀lẹ́, ó ń lé ẹni tó yára jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kú kí ọjọ́ iṣẹ́, ìyẹn ọjọ́ eré líle, tó dé.

Àtúnṣe rẹ̀: lọ́jọ́ pẹ̀lẹ́, kálukú sá tirẹ̀; ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, kó rọra. Lọ́jọ́ iṣẹ́, kìlómítà 1 lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìsinmi ìṣẹ́jú 3 láàárín. Ẹni tó ń sá kìlómítà kan ní 3:50 (ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50) gbéra ṣáájú, ẹni 3:20 tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 30. Gìrìgìrì ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní jẹ́ kí ẹni 3:50 dẹwọ́ ní 200 mítà tó kẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ kìlómítà àkọ́kọ́ o: tó bá fi ìbẹ̀rù sá a ní 3:40, kò ní lè parí ìkẹrin dáadáa.